Bíréèkì Tó Gba Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta: Bí Mo Ṣe Kan Símúlétọ̀ Tírélà Sínú Yàrá Mi n'Íbàdàn

Ọjọ́ tí mo gbé sitíárìn àlòkù náà dé láti Ìkẹjà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi gbé páálí rẹ̀ wọlé. Inú rẹ̀ ń dùn, ó rò pé eré àsápajúdé la fẹ́ máa sá. Nígbà tó rí i pé tírélà ni mo gbé sójú kọ̀ǹpútà, tí mo tan tíráfíkétọ̀, tí mo sì dúró níwájú iná pupa títí ó fi yí padà, ó wojú mi, ó ní, “Àǹtí, ṣé wọ́n ń sanwó iṣẹ́ yìí fún yín ni?”

Mi ò bínú sí i. Ohun tó sọ yẹn ni ọ̀pọ̀ onígémù ń sọ nípa símúlétọ̀, ìyẹn gémù tó ń fara wé bí ọkọ̀ gidi ṣe ń ṣiṣẹ́: pé ó ti falẹ̀ jù, pé kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ọ̀tá, pé ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ kó bọ́ síta kó lọ wakọ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi mọ́ mi létí. Ohun tí wọ́n ń bú yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ wúwo lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kó kọ̀ láti dúró bí mi ò bá tètè tẹ bíréèkì. Ìdílé dírẹ́bà ni mo ti wá, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń falẹ̀ lójú ẹni tó jókòó sẹ́yìn kì í falẹ̀ rárá lójú ẹni tó di sitíárìn mú. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà nìyí, pẹ̀lú àwọn àṣìṣe mi, bóyá ẹnì kan fẹ́ kan tirẹ̀.

Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀

Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ni, Core i5, RAM 8 GB, káàdì àwòrán 4 GB. Tẹlifíṣọ̀n íńṣì 32 tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ni mo so mọ́ ọn. Sitíárìn náà ń yí ní dígírì 900, ìyẹn ìyípo méjì àtààbọ̀ láti òpin òsì dé òpin ọ̀tún, bíi ti mọ́tò kékeré. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, kílọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ó sì ní ọ̀pá jíà onípò mẹ́fà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àlòkù ni, mi ò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Euro Truck Simulator 2 ni mo torí rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí tí SCS Software ní ìlú Prague gbé jáde ní 2012. Ẹ máa gbé ẹrù láti ìlú kan dé òmíràn ní Yúróòpù, ẹ máa ra epo, ẹ máa sùn bó bá rẹ̀ yín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kí n tó débẹ̀, Live for Speed, símúlétọ̀ eré ìsáré mọ́tò, ni mo fi kọ́ ẹsẹ̀. Ìpele S1 rẹ̀ ti jáde láti 2003, kò wúwo lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ṣe fún ìdánwò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì lásán níbẹ̀, á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí ẹ bá já jíà wálẹ̀ lójijì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́, ẹ ò sì ní rí ẹni bẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń já jíà.

Mo gbìyànjú BeamNG.drive náà, tí àwọn kan ní Bremen ní Jámánì ṣe. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe páálí kan tó le gbọnrangandan. Wọ́n kó kókó àti ọ̀pá tín-ín-rín pọ̀ láti fi ṣe ara ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣírò gbogbo wọn nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ẹnu ọkọ̀ kọ lu òpó, ibi tó yẹ kó wọnú ló máa wọnú. Ẹni tó bá ti dúró rí lọ́dọ̀ panẹ́lì bítà máa mọyì rẹ̀. 8 GB mi ò gbé e. Mo fi í sílẹ̀ di ìgbà míràn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: férémù

Mo kọ́kọ́ de sitíárìn mọ́ tábìlì, mo gbé àpótí ẹsẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sì jókòó sórí àga ọ́fíìsì onítáyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi agbára tẹ bíréèkì, àga náà sá sẹ́yìn títí ó fi kan bẹ́ẹ̀dì. Mo fi bíríkì dí táyà àga. Àpótí ẹsẹ̀ ló wá sá síwájú. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ti bíréèkì síwájú náà ló ń ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ìjókòó àti àpótí ẹsẹ̀ ní láti wà lórí férémù kan ṣoṣo, kí ìtì ọ̀hún lè parí sínú igi.

Káfíńtà àdúgbò wa bá mi fi igi àfàrà ṣe é, pákó 2x4, gígùn 150 cm, fífẹ̀ 55 cm. Ìjókòó wá láti Gate, ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò: ìjókòó dírẹ́bà ọkọ̀ Golf, ₦25,000, ìrin tó ń rìn síwájú sẹ́yìn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e ga sókè ní 38 cm, mo sì jẹ́ kí sitíárìn tẹ́ síwájú díẹ̀, torí pé dírẹ́bà tírélà máa ń jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà nídìí tábìlì oúnjẹ, kì í nà gbalaja bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ìsáré. Àyípadà kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní.

Pákó tí a kan àpótí ẹsẹ̀ mọ́ ló kọ́kọ́ dójú tì wá. Bí mo bá tẹ bíréèkì pa, pákó náà á tẹ̀. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ń tẹ̀ tó 2 cm. Ẹni tó bá rò pé 2 cm kéré, kó fojú inú wo mọ́tò tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn bí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní ẹ̀yìn ilé wa, ó fi áńgù irin ṣe ìjókòó fún àpótí ẹsẹ̀, a sì fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́ igi. Ìtẹ̀ yẹn tán.

Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin: bíréèkì

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́, torí ibí yìí ló pẹ́ mi jù.

Inú ẹsẹ̀ bíréèkì tó bá sitíárìn náà wá kò ní ju sípíríìngì kan àti nǹkan róbótó kan tó jọ èyí tó wà nídìí bọ́tìnnì ohùn rédíò àtijọ́. Bí ẹ ti mọ̀ pé rédíò àtijọ́ máa ń há “ṣá-ṣá-ṣá” bí ẹ bá yí ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bíréèkì mi ṣe ń fò: mi ò tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á ní mo tẹ̀ ẹ́. Eruku ló wọ inú rẹ̀. Mo tú u, mo fín oògùn tí àwọn atún-rédíò-ṣe fi ń fọ ojú iná sí i, ó dákẹ́. Àmọ́ fífọ̀ nìkan kò tó. Ohun tí nǹkan róbótó yẹn ń kà ni bí ẹsẹ̀ ṣe rìn jìnnà tó, bíréèkì mọ́tò gidi kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rìn díẹ̀, lẹ́yìn náà á le. Láti ibi tó ti le yẹn lọ, bí ẹ ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́ tó ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe máa dúró. Ẹsẹ̀ èèyàn ò mọ sẹ̀ǹtímítà. Agbára ló mọ̀, agbára ló sì ń rántí lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ń ka agbára ni wọ́n ń pè ní load cell. Irin ni, tí wọ́n lẹ wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ mọ́ lára. Bí irin bá tẹ̀ díẹ̀, wáyà á nà díẹ̀, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á yí padà díẹ̀. Ó kéré débi pé kọ̀ǹpútà kò lè rí i fúnra rẹ̀. Ẹ nílò pátákó kékeré kan tó ń jẹ́ HX711, tó máa sọ ọ́ di ńlá nígbà 128 kó tó kà á. Wọn kì í ta load cell ní gbogbo ìgboro, ṣùgbọ́n ó wà nínú gbogbo òṣùwọ̀n ara oníbátìrì, irú èyí tí wọ́n ń gùn nílé ìwẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe sanra tó. Mo ra àlòkù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba 50 kg. Mo yọ méjì.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́: mo gbé wọn lé orí irin pẹlẹbẹ, mo sì tẹ̀ wọ́n. Òfo ni kọ̀ǹpútà kà. Mo tú wáyà, mo tún un jó, òfo náà ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ẹ̀bi sínú wáyà, bẹ́ẹ̀ wáyà ò jẹ̀bi. Irú load cell yìí, etí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó sórí nǹkan, kí àárín rẹ̀ ráyè lọ sílẹ̀. Bí gbogbo abẹ́ rẹ̀ bá kanlẹ̀, kò lè tẹ̀, bí kò bá sì tẹ̀, kò ní ohun tó máa sọ. Mo fi wáṣà tín-ín-rín sí abẹ́ etí rẹ̀, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Àṣìṣe kejì kò gba àlàyé púpọ̀. Mo ti ra Arduino Uno, pátákó kékeré tó yẹ kó máa gbé ohun tí HX711 bá kà lọ sínú kọ̀ǹpútà, mi ò sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò ní rí i bíi ẹ̀rọ ìṣeré. Pro Micro lẹ̀ ń wá, tàbí Leonardo, èyí tó ní ṣíìpù ATmega32U4, torí òun fúnra rẹ̀ mọ bí a ṣe ń bá USB sọ̀rọ̀. Mo pa Uno tì, mo ra Pro Micro.

Àṣìṣe kẹta ló dùn mí jù, torí mo ti rò pé iṣẹ́ parí. Bíréèkì ń ṣiṣẹ́, ó le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀, síbẹ̀ nǹkan kan ń pẹ́. Mo máa tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á rò ó wò kó tó dáhùn. Mo ka ìwé HX711 láti ojú ewé kìíní. Ó lè kà nígbà 10 tàbí nígbà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú àwọn ẹsẹ̀ irin tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀ ló sì ń pinnu. Nínú pátákó tí mo rà, wọ́n ti so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ibi tí kò sí iná láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ìyẹn ni pé ìgbà 10 ló ń kà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 km ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ń kà á nígbà 10, ọkọ̀ ti rin bíi mítà 2.8 láàárín ìkà kan àti èkejì. Ẹnì kan lè dúró sínú àlàfo yẹn. Bí ẹ bá ń kà á nígbà 80, àlàfo náà di 35 cm.

Mo fi abẹ́rẹ́ àti irin ìjó-wáyà gbé ẹsẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún sókè kúrò lórí pátákó, mo fi òjé díẹ̀ so ó mọ́ ẹsẹ̀ kẹrìndínlógún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí iná wà lára rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n, torí ẹsẹ̀ náà kò nípọn ju eyín ìyarun lọ. Nígbà tí mo tún tan gémù, tí mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo pariwo débi pé ìyá mi sá wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo yọ sípíríìngì rẹ̀, mo fi rọ́bà búṣì tó máa ń wà lórí ṣọ́ọ̀kì mọ́tò rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti rí i, ọ̀fẹ́ ló fún mi. Ẹ má gbàgbé nǹkan kan: ohun tí ẹ̀rọ yìí bá bá lórí load cell nígbà tí iná bá dé ló máa pè ní òfo. Bí ẹsẹ̀ yín bá wà lórí bíréèkì nígbà náà, òfo yẹn ti di irọ́. Mo ti sọ ọ́ di àṣà pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì máa wà lórí férémù kí n tó tan nǹkan.

Ní Blackwood, ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán Live for Speed wò, ibì kan wà tí ẹ ó ti sáré púpọ̀ lórí ọ̀nà tó nà tàrà, tí ẹ ó sì tẹ bíréèkì kíkan wọ kọ́nà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá débẹ̀ nígbà mẹ́wàá, táyà mi á há ní bíi méje. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú bíréèkì tuntun, ó di ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹsẹ̀ mi ti mọ ibi tí agbára yẹn wà.

Tẹlifíṣọ̀n

Mo fi téèpù wọn ojú tẹlifíṣọ̀n: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 71 cm. Láti ojú mi sí i jẹ́ 70 cm, lẹ́yìn tí mo sún un mọ́ ẹ̀yìn sitíárìn. Ìyẹn ni mo fi ṣírò igun ìwòye, bí ohun tí gémù fi hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ṣe gbòòrò tó. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi ìjìnnà pín ìdajì fífẹ̀, ẹ wá igun tí tan rẹ̀ (tangent lórí kakulétọ̀) jẹ́ iye yẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tèmi jẹ́ dígírì 54. Iye yẹn ni mo tẹ̀ sínú gémù, ó sì kéré ju èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ dáadáa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ńṣe ló dà bí ẹni tó ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́, pé ọkọ̀ kò tiẹ̀ sáré mọ́. Òótọ́ ni pé kò jọ pé ó ń sáré. Bí igun bá gbòòrò jù, gbogbo nǹkan á kéré, á jìnnà, igi ẹ̀gbẹ́ títì á sì máa fò kọjá. Ìyẹn ló máa ń fún àwọn onígémù ní ìdùnnú. Ṣùgbọ́n ojú mi kò lè fi í wọn ìjìnnà. Ní dígírì 54, ọkọ̀ iwájú tóbi bó ṣe yẹ kó tóbi, mo sì lè sọ pé bó bá dúró báyìí, mo lè dúró tàbí mi ò lè dúró. Mo ti yan ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn onígémù

Bí wọ́n bá ní símúlétọ̀ kì í ṣe mọ́tò, òótọ́ ni. Ìdí èèyàn ò gbọ́ ìwúwo ẹrù, ọ̀nà Yúróòpù tó wà níbẹ̀ kò ní kòtò tiwa, ọlọ́kadà kankan ò sì ní já yọ láti ẹ̀gbẹ́. Mo gba gbogbo rẹ̀. Èyí tí mi ò gbà ni pé ohun tó bá jọ iṣẹ́ kò lè jẹ́ ìgbádùn, tàbí pé ohun tó bá ti wà lójú kọ̀ǹpútà ti di àwàdà.

Ní 1929, ní Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, Edwin Link kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọkọ̀ òfurufú wíwà láìkúrò nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ dùùrù ni bàbá rẹ̀ ní, nítorí náà ẹwìrì inú dùùrù ni Link fi ṣe é. Bí ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ òfurufú bá fa ọ̀pá, afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹwìrì kan, á jáde nínú òmíràn, àpótí náà á sì fì síbí, á fì sọ́hùn-ún. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rà á ni ọgbà ìṣeré, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n kà á sí. Ní 1934, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà ti ń kú nínú kùrukùru nítorí lẹ́tà tí wọ́n ń gbé, iléeṣẹ́ ológun wá ra mẹ́fà. Mo máa ń rántí ẹwìrì yẹn bí mo bá wo rọ́bà ṣọ́ọ̀kì tó wà lábẹ́ bíréèkì mi. Ní tòní pàápàá, William Byron tó gba Daytona 500, eré ìje mọ́tò ńlá ní Amẹ́ríkà, ní 2024 tó sì tún gbà á ní 2025, orí símúlétọ̀ iRacing, nínú ilé, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré ìje.

Bàbá Kékeré dé

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, wa tírélà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti Àpápá lọ sí Kánò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí orúnkún tó ní kí wọ́n sinmi. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn ju pé kí wọ́n wá bá mi wo iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n sún ìjókòó síwájú, wọ́n wo òsì, wọ́n wo ọ̀tún.

“Dígí dà?”

Mo fi èyí tó wà lókè ojú tẹlifíṣọ̀n hàn wọ́n. Wọ́n ní dígí tírélà kì í gbé òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé. Mo fi bọ́tìnnì méjì tó wà lára sitíárìn hàn wọ́n, èyí tí wọ́n lè fi yíjú sí òsì àti ọ̀tún. Wọ́n dán an wò, wọ́n ní ó dáa díẹ̀.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ò wọ jíà. Wọ́n ká ọwọ́ lé sitíárìn, wọ́n ń wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dúró lẹ́yìn ní, “Bàbá, ẹ máa lọ, ó ti tàn.”

“Afẹ́fẹ́ ò tíì kún.”

Afẹ́fẹ́ inú tánkì ni bíréèkì tírélà fi ń ṣiṣẹ́. Mo ti yan bíréèkì afẹ́fẹ́ tòótọ́ nínú ètò gémù náà láti ọjọ́ kìíní, síbẹ̀ èmi fúnra mi kì í wo géèjì yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá Kékeré máa fojú kan gémù láyé wọn nìyẹn, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni géèjì afẹ́fẹ́. Ó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gun òkè. Nígbà tó débi tó yẹ kó dé, wọ́n tú bíréèkì ìdúró, wọ́n sì gbéra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn símúlétọ̀, ìṣẹ́jú kan yẹn ni. Ẹnì kan ní Prague ti jókòó, ó ti rò ó pé dírẹ́bà kan lè dúró de afẹ́fẹ́, ó sì ti fi í sí i.

Wọ́n wà á fún bíi ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó mú mi dákẹ́. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ rẹ dáa, ọmọ mi, ṣùgbọ́n bíréèkì yìí, ti mọ́tò kékeré ni. Ti tírélà kì í le báyìí. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ agbára, ẹsẹ̀ kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà tírélà, ẹ̀rọ tó ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìrìn rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀ ju ti mọ́tò kékeré lọ. Lójú wọn ni mo ti tú u. Mo yọ rọ́bà ṣọ́ọ̀kì, mo gé bàtà sílípáàsì àtijọ́ sí róbótó mẹ́ta, mo tò wọ́n léra, mo dín agbára tí mo ń béèrè kù nínú Arduino láti 40 kg sí 15. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ ẹyọ sílípáàsì kan. Mo yọ ọ́. Wọ́n ní ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Rọ́bà ti mọ́tò kékeré ti wà nínú ike báyìí, ti tírélà wà nínú ike kejì, ìpààrọ̀ wọn kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sórí ìjókòó lẹ́yìn wọn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ó ń tẹ bíréèkì, ó ń tú u, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u, gbogbo ìtẹ̀ kan ni afẹ́fẹ́ ń jáde “fííì”. Abẹ́rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀. Agogo ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá Kékeré dìde nílẹ̀ tí wọ́n jókòó sí, wọ́n pariwo, “Fi bíréèkì sílẹ̀! Fi jíà dá a dúró!” Ohùn tí mo gbọ́ yẹn, ohùn inú ọkọ̀ ni, kì í ṣe ohùn inú yàrá. Ọmọ náà gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó ti pẹ́. Afẹ́fẹ́ tán, bíréèkì ìdúró fúnra rẹ̀ há, tírélà náà sì dúró gbọ̀ngbọ̀n lórí òkè. Wọ́n wá jókòó tì í, wọ́n ṣàlàyé fún un pé orí òkè ni wọ́n ti ń yan jíà tí wọ́n máa fi sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe àárín rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò tíì fẹ́ràn símúlétọ̀ síbẹ̀, ó padà sídìí gémù bọ́ọ̀lù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Fífi ẹ̀yìn rìn wọ ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ló kẹ́yìn. Bàbá Kékeré kùnà lẹ́ẹ̀kan, torí wọ́n ń wá ọ̀nà láti yọrí jáde lójú fèrèsé, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìwòye tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú gémù náà, mo so ó mọ́ bọ́tìnnì kan lójú ẹsẹ̀. Ní ìgbà kejì, wọ́n yí sitíárìn sí òdìkejì ibi tí wọ́n fẹ́ kí tírélà lọ, wọ́n dúró, wọ́n yọrí, wọ́n tún un yí, ó wọlé. Wọ́n bèèrè pé ta ni ọmọ mọ́tò tó yẹ kó máa pariwo lẹ́yìn.

Nígbà tí a fi ọkọ̀ ojú omi gòkè láti Calais dé Dover, títì yí sí ọwọ́ òsì. Wọ́n rántí pé ọwọ́ òsì náà ni àwa ń gbà tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí gbogbo Nàìjíríà kó sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ iléèwé ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ní wọ́n sọ fún àwọn ní kíláàsì pé kí àwọn máa wo òdìkejì kí àwọn tó sọdá.

Iná

Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, sitíárìn á kú. Bí iná bá padà dé, yóò fúnra rẹ̀ yí dé òpin òsì, dé òpin ọ̀tún, láti wá àárín rẹ̀, pẹ̀lú agbára tó lè dá àtàǹpàkò lára. Ó ti gbá mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gbé òun àti kọ̀ǹpútà sórí ìńfátà báyìí.

Ohun tó kù

Ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ íńṣì 17 kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fẹ́ gbé e kọ́ sí ọwọ́ òsì fún dígí, ní gíga ibi tí Bàbá Kékeré fọwọ́ sí lára ògiri. Mo fẹ́ de sípíkà ńlá tí wọ́n yọ nínú mọ́tò mọ́ abẹ́ ìjókòó, kí ìdí lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Irin tí wẹ́dà jó lápá ọ̀tún ti ń ṣán, ó ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Kékeré ní kí n fi ìpè ránṣẹ́ sí àwọn bí dígí bá ti délẹ̀, torí ìgbà kan ṣoṣo tí àwọn fi ẹ̀yìn rìn yẹn kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.